Onírì Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹpẹ

Ìyàwó mi kì í bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ń jẹun. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní báólójì ní Ìlá níbí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, dípò kó máa sin adìyẹ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ewéko tó ń jẹ kòkòrò ló ń sìn. Ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun ló ń fi irúgbìn wọn ránṣẹ́ sí i. Ọ̀kan ní ewé tó dà bí ife, eṣinṣin á yọ̀, á sì ré sínú rẹ̀. Ọ̀kan ní ewé tó ń pàdé bí ẹnu nígbàkigbà tí kòkòrò bá fara kàn án. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n wà, nínú ike bọ́tà àti ike ìpara. Ìyàwó mi a máa fi fóònù rẹ̀ yà wọ́n ní fọ́tò bí ẹni tó ń ya ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Èmi ni mo máa ń di páálí funfun mú sẹ́yìn wọn. Bí mo bá mí pẹ́nrẹ́n, á ní, "Tíṣà jọ́gíráfì, ẹ̀fúùfù yín ti pọ̀ jù."

Èyí tó fẹ́ràn jù kò ti òkèèrè wá. Orí àpáta kan ní Iresi la ti rí i, níbi tí omi ti ń sun jáde lára òkúta lẹ́yìn òjò. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, irun wẹ́wẹ́ bò ó, ohun kan tó dà bí ìrì sì ń dán lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìrì rárá, àtè ni. Kòkòrò tó bá lọ mu níbẹ̀ kì í padà sílé. A sọ ọ́ ní Onírì. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, hóró ló kù. Ó gbọn hóró náà sínú àpòòwé. Mo ní ká wo àwọ̀ òdòdó rẹ̀ lórí fóònù, ó ní rárá.

"Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ fún mi."

Ó gbìn ín nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò tíì hù tí òun fi kú.

Irú ewéko bẹ́ẹ̀ kì í mu omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ, torí ohun tó ti inú ilẹ̀ yòrò sínú omi máa ń pa wọ́n. Omi òjò ni tiwọn. Ìyàwó mi ní dírọ́ọ̀mù ńlá kan tó fi ń tọ́jú omi òjò de ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, àwọn obìnrin tó wá bá wa dáná rí i pé òun ni omi tó mọ́ jù lọ nínú ọgbà, wọ́n bá fi fọ abọ́. Ìgbà tí mo máa dé ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan nínú wọn ń fi ìyókù ṣan ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá. Omi yín yìí mà dára o, kì í jẹ ọṣẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Onírì hù, tí kò tó irun ojú. Ọyẹ́ náà sì dé. Mo rò pé mo lè fi omi inú ọ̀rá tan àwọn ewéko náà. Èyí tó ní ife di dúdú, ó sì kú. Ẹlẹ́nu tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn, tó fi ku Onírì nìkan, tí mo ń fún ní omi òjò kan tí mo rí nínú ìgò lábẹ́ tábìlì ìdáná. Ìgò náà ń lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ rí àwọ̀ òdòdó yẹn, kí n sì yà á. Lọ́dún náà, n kò fẹ́ ohun mìíràn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù nígbà náà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ló fi ta wá lọ́rẹ, wọ́n ní ooru máa ń mú àwọn bí àwọn bá wálé ọdún. Wọ́n ṣọdún tán, wọ́n padà sí Èkó, wọ́n fi òtútù sílẹ̀ fún wa láàárín ọyẹ́. Pásítọ̀ ní a kì í gba ẹ̀bùn ká tún pa á, nítorí náà à ń wọ súwẹ́tà jọ́sìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ yá oòrùn, mo bá rí ewúrẹ́ kan tó gbẹ́nu sókè lábẹ́ páìpù, tí omi ń kán sí i lẹ́nu. Mo dúró wò ó. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di tútù, ó ń kán. Èmi tí mo ti fi ẹfun ya bí òjò ṣe ń rọ̀ sára pátákó láìmọye ìgbà, mo wá rí òjò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo lé ewúrẹ́ náà. Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ bí kò bá sí ìsìn. Èmi tí mo máa ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan, tí mo sì máa ń tòògbé níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìpàdé àdúrà, ìpàdé àwẹ̀. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá tí wọ́n ń retí ọmọ, títí wọ́n fi rọra bi mí pé ta ni mò ń retí. Pásítọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó ọmọ tí mo bí, dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ ṣe sá tọ Olúwa lọ nínú ọ̀fọ̀ yín, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún wa."

Àmọ́ ọyẹ́ ti fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí èrò bá kéré, omi tó ń kán kò lè kún ife. Bí èrò bá pọ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń làágùn nínú súwẹ́tà wọn, omi a máa dà. Èémí ìjọ ni Onírì ń mu. Nígbà tí èyí yé mi tán, mo bọ́ sí àdúgbò, mo ń pe ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pe ọlọ́kadà tó gbé mi, mo pe télọ̀, mo pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ. Wọ́n wá, nítorí mo ti nà wọ́n rí, kò sì yé wọn bóyá mo ṣì lè nà wọ́n. Ìjọ fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ajíhìnrere.

Àdúrà ló tún burú jù. Bí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà ìparí, mo mọ̀ pé "Àmín" tí mo bá ṣe ni wọ́n á fi pa jẹnẹrétọ̀, nítorí náà n kì í tètè ṣe é. Mo gbàdúrà fún ìjọba, fún àwọn arìnrìn-àjò, fún ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi pátápátá, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tó wà nílé wa: ilẹ̀kùn tó ń dún, ìkòkò tí n kò mọ ibi tí ìyàwó mi gbé ọmọrí rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí n kò tíì sùn sí. Wọ́n ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ pariwo ní ti ọmọrí ìkòkò.

Ìyá Ìjọ ló ká mi mọ́. Ó jáde wá gba fóònù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Omi ni mo ń gbé, Ìyá Ìjọ."

"Omi tó ń ti inú ilé Ọlọ́run jáde yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan wà nílé tí kò lè mu omi mìíràn."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Abájọ," ó ní. "Abájọ! Àwa tí a rò pé ọ̀fọ̀ yìí á gbé yín lọ, ara yín wá ń dán. Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan! Bàbá, ẹ ṣahun o."

Kí n tó la ẹnu, ó ti wọlé. Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo bá ìgò, kẹ́ẹ̀gì, ike epo àti fíláàsì tíì kan, tí wọ́n tò lábẹ́ páìpù. Mo fẹ́ rọra ti bọ́kẹ́ẹ̀tì mi síwájú. Obìnrin kan di apá mi mú.

"Bàbá, ẹ tò ó o. Gbogbo wa la níṣòro."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Onírì kò rí ẹ̀kán omi kan. Orí rẹ̀ tẹ̀. Mo rí òdòdó tí kò tíì là lórí rẹ̀, kékeré, tó ti ń ká kò. Mo bá gba ọ́fíìsì Pásítọ̀ lọ.

"Pásítọ̀, omi yẹn kì í ṣe omi ìwòsàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ìdí tí ẹ fi wá sí ìpàdé àwẹ̀ nìyẹn?"

"N kò jẹun lọ́jọ́ náà lóòótọ́."

"Àwọn tí ẹ pè wá sí ìjọ ńkọ́?"

"Èémí wọn ni mo nílò."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé inú ló bí i, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń pa á lọ. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú rí i. Bí mo bá fẹnu lásán sọ ọ́, wọ́n á ní èmi nìkan ni mo fẹ́ máa mu omi náà."

Mo gbé e dé iwájú ìjọ nínú ike bọ́tà rẹ̀. Gbogbo wọn na ọrùn. Ìyá Ìjọ fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Èyí ló ń jẹ ẹran?"

"Kòkòrò ni, Ìyá Ìjọ."

"Ta ló gbìn ín?"

"Ìyàwó mi ni. Kò rí i kó tó lọ."

Ó nàró, ó kọjú sí ìjọ. "Ẹ lọ kó ìgò yín," ó ní. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Nígbà tí ìsìn parí tí mo fẹ́ gbé Onírì, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ? Ohun tó bá ti dé iwájú pẹpẹ kì í padà sílé."

"Ìyá Ìjọ, ewéko lèyí. Kì í ṣe iṣu ìkórè."

"Iṣu ìkórè náà, ewéko ni."

Bí Onírì ṣe di ará ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé ìlà-oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Omi rẹ̀ ń dé déédéé, orí rẹ̀ sì gbé sókè. Kò pẹ́ tí ìjọ fi ń wò ó ju Pásítọ̀ lọ. Bí eṣinṣin bá ń fò lọ síbẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́. Ọjọ́ tí Pásítọ̀ sọ pé ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, eṣinṣin kan lẹ̀ mọ́ ọn ní kété náà, ìjọ pariwo "Àmín!" inú Pásítọ̀ sì dùn gan-an, torí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, oòrùn ti wọlé, ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, mo bojú wẹ̀yìn Pásítọ̀, mo rí i pé Onírì ti tanná. Òdòdó irú rẹ̀ kì í pẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti pa dé. N kò ro ohunkóhun. Mo dìde, mo gba iwájú Pásítọ̀ kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú ike náà, mo sì yọ fóònù ìyàwó mi.

Ìwàásù dá dúró. Mo gbọ́ ohùn Pásítọ̀ lẹ́yìn mi, ó ti yí padà: "Ará, Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀." Mo gbọ́ bí àga ṣe ń fà. Atẹdùùrù bẹ̀rẹ̀ orin jẹ́jẹ́. Oòrùn ń ta sí gíláàsì fóònù, mo gbé ọwọ́ òsì sókè láti fi ṣe ìbòòji. Gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ òsì sókè. Ẹnì kan bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i," Pásítọ̀ sì ṣe àmín.

Pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Mo tẹ fóònù. Nígbà náà ni mo rí i pé ẹnì kan ti kúnlẹ̀ tì mí. Ìyá Ìjọ ni.

Ó rọra ní, "Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni."

"Bó ṣe kéré tó yìí?"

"Bó ṣe kéré tó yìí náà ni."

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ tún un yà," ó ní. "Àwòrán yín ṣe bàìbàì."

Ó ṣe bàìbàì lóòótọ́. Ó bá mi di ọwọ́ mú, mo sì tún un yà.