Àṣíborí Tí Mọ́mì Fi Okùn Rán

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà ìjọ wa, mò ń dúró de àbúrò mi, nígbà tí òórùn kan gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Ọkùnrin kan ló wà lábẹ́ igi máńgòrò tó ń tún àwọn àga ìjọ ṣe. Ó ti ìṣó gbígbóná bọ ẹ̀yìn àga oníke tó ti sán, ó dá ihò sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó wá ń fi wáyà rán an pọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú àga bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá orí ọ̀kan nínú wọn gan-an lẹ jókòó sí tí ẹ fi ń ka èyí. Òórùn ike tó ń jó kì í ṣe òórùn dáadáa. Ó máa ń ta ni nímú. Síbẹ̀, mi ò gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè. Pálọ̀ wa ní Fẹ́sítáàkì ni mò ń gbóòórùn rẹ̀, láyé àwọn sójà, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bíi pé àná ni.

Mo mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún ọmọdé, ẹ̀rín ló yẹ kó máa rín. Màá gbìyànjú. Fẹ́sítáàkì dùn nígbà náà, irọ́ kọ́. Títì fẹ̀, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, iná ojú pópó ń tàn, àwa ọmọ sì lè fi kẹ̀kẹ́ yí gbogbo òpópónà kúlóòsì wa ká láìsí ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbá wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá gbogbo wa. Ará Ìjẹ̀bú ló wà lókè wa, ará Èkìtì nísàlẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá lódìkejì, bí ìyá kan bá sì bá ọmọ ẹlòmíràn níbi tó ti ń ṣe ohun tí kò yẹ, á nà án kó tó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á tún dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ wọlé pẹ̀lú òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja. Gbogbo ìyẹn dára. Ó tó báyìí.

Ohun tí kò dára ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá a láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú pálọ̀ gbogbo wa ni ó wà, ó ga, ó dúdú, ó ń dán, ó dúró gbagidi láàárín ibi àlejò àti ibi oúnjẹ. Abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí wà nínú rẹ̀. Ife tí ẹnikẹ́ni ò fi mu omi rí wà nínú rẹ̀. Ohun ìṣeré tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ láti ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ló ń wọ̀ tààrà, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, wọ́n á sì ti gíláàsì pa. Àlejò ni wọ́n ń fi í hàn. Ọmọ tó ni ín á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, á máa fi ojú ṣeré. Bọ̀dá kan nísàlẹ̀ wa ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí bàbá rẹ̀ gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, orúnkún Bọ̀dá náà ti ń kan àgbọ̀n.

Àǹtí mi, àbúrò Mọ́mì, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Lọ́ńdọ́nù, ló fi páálí náà ránṣẹ́. Orúkọ mi ló kọ sí i lára gàdàgbà gàdàgbà, kì í ṣe orúkọ bàbá mi. Àwòrán sójà Róòmù ló wà lójú páálí, pẹ̀lú àṣíborí tó ń dán àti ìyẹ́ pupa tó dúró lórí rẹ̀ bí ogbe àkùkọ. Nínú páálí, ike pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, wọ́n so kọ́ lára ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso lára ẹ̀ka. Ọmọ ni kó gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi gọ́ọ̀mù inú páálí lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, títí yóò fi di àṣíborí tó máa bá orí rẹ̀ mu. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ohun ìṣeré tí wọn ò tíì ṣe, tí wọ́n ní kí n wá fọwọ́ ara mi ṣe!

Dádì gbà á lọ́wọ́ mi. "Kó má baà bà á jẹ́," ó ní. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwà àìtọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún yí po, páálí ò kúrò níbẹ̀.

Ìjọ ló yọ ọ́. Àǹtí Dúpẹ́, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ń kọ́ wa ní eré tí a máa ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Ọ̀gá sójà ló kù tí kò tíì rí ẹni ṣe é. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀gá sójà máa sọ, lẹ́sẹ̀ àgbélébùú, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ló máa parí eré, gbogbo ìjọ á sì dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Ta ló ní àṣíborí nínú yín?" Àǹtí Dúpẹ́ ní. "Ẹni tó bá ní àṣíborí ni ọ̀gá sójà o. Mi ò fẹ́ fìlà."

Mo nawọ́. Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Obìnrin! Ọ̀gá sójà onírun kòròbà!"

"Ta ló máa rí kòròbà lábẹ́ àṣíborí?" Àǹtí Dúpẹ́ dá wọn lóhùn. "Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, gbé tìẹ wá ká rí i. Àbí o ò ní? Ó dáa, Mísítà Ọkùnrin, jókòó."

Nítorí pé ti ìjọ ni, Dádì ṣí gíláàsì. Mo gbé páálí sórí ilẹ̀, mo tú u, mo fa gọ́ọ̀mù yọ. Ó ti gan bí òkúta. Ó ti pẹ́ jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí wọ́n ń pa mọ́ kó má bàjẹ́, ibi tí wọ́n pa á mọ́ sí ló ti bàjẹ́. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ìwà àìtọ́ kejì.

Mo gba ọ̀dọ̀ oníbàtà kan lójú ọ̀nà Alákijà lọ, ó bu gọ́ọ̀mù bàtà díẹ̀ fún mi sínú agolo mílíìkì. Mo fi pa ike tó máa bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ike náà kọ́kọ́ rọ̀, ó wá ká kò lójú mi bíi pọ̀nmọ́ tó wà lórí iná. Mo jókòó tì í. Ibẹ̀ ni Mọ́mì bá mi.

"Kí lo fi pa á?"

"Gọ́ọ̀mù bàtà ni, mà."

"Gọ́ọ̀mù bàtà." Ó gbé e sókè, ó wò ó. "Sójà ò tíì dé ojú ogun, o ti jó o lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ tì mí. Ẹ ní láti mọ̀ pé Mọ́mì kì í jókòó sílẹ̀ tì wá. Iṣẹ́ táípíìsì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ó ń jáde kí a tó jí dáadáa, bó bá sì dé, ilé ìdáná ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Màmá mi ò mọ gọ́ọ̀mù. Bí igbá bá sán nílé wa, rírán ni wọ́n ń rán an. Gbé abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àpò wá."

Ará Ìṣẹ́yìn ni ìyá rẹ̀, òun ló sì máa ń rán igbá tó bá sán fún gbogbo obìnrin àdúgbò. Ohun tí Mọ́mì rí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ náà. Ó tan sítóòfù, ó ki abẹ́rẹ́ bọ iná títí ó fi pọ́n. Ó fi lu ihò sí etí ike méjèèjì tó fẹ́ so pọ̀, ihò kojú ihò, èéfín kékeré ń rú sí wa nímú. Ó já ẹyọ ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ lé ojú ibi tí ike ti pàdé, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú igbá nìyẹn, kí okùn má baà ya ihò. Ó wá fi okùn ìpẹja rán an lé e lórí, ó ń gbé okùn lọ, ó ń dá a padà, okùn ń rékọjá ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó rán ti iwájú orí. Ó ní kí n rán ti ẹ̀yìn. Tèmi wọ́, ó tú u, ó ní kí n tún un rán. Ike bọ́tà la gé fi ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, a fi ọ̀dà fàdákà tó ṣẹ́kù lára géètì kun gbogbo rẹ̀. Ìrẹsì jóná lórí sítóòfù kejì, Mọ́mì ò dìde.

Nígbà tí ó gbé e lé mi lórí, ó ti iwájú wò mí, ó ti ẹ̀gbẹ́ wò mí. Ó ní, "Ọ̀gágun." Kò sí ohun mìíràn láyé yìí tí èmi àti ìyá mi jùmọ̀ fọwọ́ ṣe, àwa méjì péré. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá Dádì ní ọ́fíìsì wá kí wa láti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn, Bánkólé, tí mo fi ọdún mélòó kan jù lọ. Bánkólé rí àṣíborí lórí àga. Ó dé e. Mo jẹ́ kó dé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ó kọ̀, kò bọ́ ọ. Wọ́n ní kó bọ́ ọ, ó bú sẹ́kún, ó da ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń ta ẹsẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu o," ìyàwó ọ̀gá ń wí, ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ rẹ̀ dìde.

"Kí ló dé?" Dádì ní. Ó kọjú sí mi. "Fún un, jàre. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n."

"Dádì," Mọ́mì ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "eré ìjọ ńkọ́?"

"Mo ní kó fún un. Àǹtí rẹ̀ á fi òmíràn ránṣẹ́."

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ṣe é? Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni wọ́n ní kí n fún un. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mi ò sunkún. A kì í sunkún níwájú àlejò nílé wa. Ìyàwó ọ̀gá fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nìyí." Dádì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbéga tí ó ń retí lọ́dún náà, ẹlòmíràn ni ọ̀gá fún.

Àǹtí Dúpẹ́ ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Háà, ìwọ ọmọ yìí," ó wá fi ọmọkùnrin kan ṣe ọ̀gá sójà, pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì ìyá rẹ̀ lórí. Èmi lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń sunkún lẹ́sẹ̀ àgbélébùú. Gèlè ni wọ́n wé fún mi. Bí olórí ìkòkò yẹn ṣe la ẹnu, tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mi, tó sì ṣì í sọ, ẹkún gbé mi. Mo sun ún, mi ò lè dá a dúró, ó ń mì mí. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é!" Mo gbọ́ ohùn Dádì láàárín wọn: "Ọmọ mi nìyẹn!"

Lẹ́yìn ìgbà náà, Dádì kó wa lọ kí ọ̀gá ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Lórí bákónì wọn ni mo ti rí àṣíborí, wọ́n fi àtàrí rẹ̀ kanlẹ̀, àlùbọ́sà ló kún inú rẹ̀. Mọ́mì náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di okùn bàtà mi, ó fi ìka tọ ojú ibi tí a rán lọ. "Kò tú," ó ní, jẹ́jẹ́. A sì wọlé lọ mu míníràlì.

Mọ́mì ti kú báyìí. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ti di ìtàn. Ohun ìṣeré ti pọ̀ dé ibi pé àwọn ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi ò yọ mọ́ ní Fẹ́sítáàkì, kàǹga ni kálukú ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí i nínú pálọ̀ àwọn èèyàn, ọmọ àlejò á fọwọ́ di nǹkan mú, á ké, àwọn àgbàlagbà á sì yíjú sí ọmọ tó dákẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dádì ṣì wà, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, inú fúláàtì yẹn náà ló ń gbé. Lẹ́yìn tí a sin Mọ́mì, mo bi í léèrè àṣíborí. Ó ronú títí. Kò rántí rẹ̀. Mo dárúkọ Bánkólé, kò rántí ẹkún Bánkólé. Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ lójijì, ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Eré ìjọ yẹn ni mo rántí," ó ní. "O sunkún! Gbogbo ìjọ dìde. Àní mo ń bi ara mi léèrè títí di òní, ibo ni ọmọ yìí ti kọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀?"