Ìdúpẹ́ Lórí Òrùlé Nọ́ńbà

Bàbá mi ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti dàrú. Tísà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Bí inú wọn bá dùn, láti Kútọ̀ dé Wásinmi ló máa gbọ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ti ṣẹ́gun ìṣirò kan tó le bí ojú ẹja.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Ohun kan wà tí àwa oníṣirò ń pè ní mọ́dúlà fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà ló ń jáde látinú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, kò lópin. Bí a ṣe ń lọ síwájú ni nọ́ńbà náà lè máa tóbi sí i. Èmi ń wá òrùlé tí nọ́ńbà náà kò ní lè fò kọjá, bó ti wù kí a rìn jìnnà tó. Mo sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé òrùlé kan náà tó fún gbogbo fọ́ọ̀mù, ńlá àti kékeré.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́, mo jókòó ní pálọ̀ bàbá mi, mo ń tún iṣẹ́ náà kà, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Yéè! Bí fọ́ọ̀mù bá ṣe ń tóbi ni òrùlé mi ń gbéra. Ihò ńlá wà nínú iṣẹ́ mi: òrùlé kan ò tó fún gbogbo wọn. Mo bú ara mi, mo sì kanra mọ́ bàbá mi.

"Ẹ lọ yọ orúkọ wa kúrò! Ta ló ní kí ẹ máa polongo mi kiri?"

Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ihò náà, mo sì ṣàlàyé.

"Kò wá sí èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́?"

"Ó ṣì jẹ́ òótọ́ fún àwọn fọ́ọ̀mù kékeré."

"Ta ló rí ihò yìí?"

"Èmi náà ni, bàbá."

"Ó dáa. Lọ jẹun, ìrẹsì Ọ̀fàdà wà nínú ìkòkò."

Lọ́jọ́ kejì, tìkanra-tìkanra ni mo fi tẹ̀lé wọn. Mo ti gbà pé wọ́n á jẹ́ kí irọ́ náà kọjá nítorí ojú ayé. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìfilọ̀ tí bàbá mi kọ: "Ìdílé yìí wá dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ wọn rí àṣìṣe inú iṣẹ́ ara rẹ̀."

Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá kó sí i.

Bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n nawọ́. "Dìde, jàre. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní tan ara rẹ̀ jẹ ni mò ń wá."

Mo sunkún, mo sì jó dé iwájú pẹpẹ.