Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Aṣọ́lé Bassila

Nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún Manigri, kò sí ibi tí wọn kì í fi mí sí. Bí àsìkò ebè kíkọ bá dé, tí bàbá ẹnìkan dá a dúró sóko iṣu, èmi ni wọ́n máa ń sọ pé kí n bọ́ sí ipò rẹ̀. Mo ti ṣọ́lé rí, mo ti dúró lẹ́yìn, mo ti sáré ní iwájú títí ẹ̀mí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iyọ̀ ni mí, kò sí ọbẹ̀ tí n kì í wọ̀. Inú mi ń dùn sí i, n kò ní purọ́.

Ní àsìkò yẹn, ọmọbìnrin kan wà ní Bassila tí mo fẹ́ fẹ́. Ará Manigri ni bàbá rẹ̀, oko ló gbé e lọ síbẹ̀. Bàbá náà ti gba iṣu ìtọrọ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò tíì fún wa lésì. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé a máa bá Bassila gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú wọn, lẹ́yìn ọ́fíìsì kọ̀màǹdáǹ, aláṣẹ ìjọba ibẹ̀, mo mọ̀ pé yóò wá wò mí.

A gbá a títí, kò sí ẹgbẹ́ tó gbá a wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó wá ku èmi àti aṣọ́lé. Aṣọ́lé wọn àkọ́kọ́ ti fẹsẹ̀ rọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ni.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àyà mi ti kan ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í rí àna ká wà lórí ìnàró, ìbáà kéré sí wa lọ́jọ́ orí. Bọ́ọ̀lù yí lọ bá a jẹ́jẹ́. Ó gbé e, ó dá mi lóhùn pé òun náà kí mi, ó sì gbá a síwájú. Mo ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ariwo sọ: wọ́n ti gbá a wọlé wa.

Ẹnu yà mí sí ara mi. Olórí wa káwọ́ lérí. Mo ń fi ọ̀kan tu ara mi nínú, pé bàbá ìyàwó ti rí i pé mo mọ ọ̀wọ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Dìde,” ó ní. “Bí ẹ bá wà níbi àáró, tí mo kọjá, ṣé wàá ju ọkọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ? Lẹ́nu iṣẹ́ lo ti fi àwọn èèyàn rẹ sílẹ̀ yẹn. Ọmọ mi ńkọ́, nítorí ta ni wàá ṣe fi òun náà sílẹ̀?”

Ohun tí mo rò pé yóò fún mi ní ìyàwó ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa wá sí Manigri nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá tún pàdé níbẹ̀.

Ó wá lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ló tún ń ṣọ́lé. Mo gbá bọ́ọ̀lù gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ni mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ̀ bi bàbá mi léèrè ọjọ́ tí a fẹ́ wá gbé ìyàwó wa.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò yá mọ́, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí a bá ń lọ ìlú kan, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ní àna níbẹ̀. Ẹni tó bá nawọ́, iwájú ni mo máa ń fi í sí, kí ó kọ́kọ́ gbá a wọlé kí ó tó dọ̀bálẹ̀.