Orógbó Inú Ọ̀rá Dúdú

Bí Nímọ́tà Adélaní bá fẹ́ ránṣọ fún ènìyàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wọn ẹni náà: ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣojú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí kò bá fura. Ó ní àwọn oníbàárà a máa fa ikùn wọlé tí wọ́n bá ti rí téèpù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, téèpù náà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ní ìjọba ti yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí gbogbo ọjà ń pariwo rẹ̀, Nímọ́tà nìkan ni kò gbà. Ìgbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba di ẹrù rẹ̀ lọ sí Adó ló tó gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́.

Ẹ má bínú sí i. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní oko kan ní ọ̀nà Oda. Ó yá ọkùnrin kan ní apá kan níbẹ̀ kí ó máa gbin ẹ̀gẹ́, ọkùnrin náà sì gbin ẹ̀gẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀gẹ́ náà ló ń ri kòkó sí. Nígbà tí wọ́n máa fi wú ẹ̀gẹ́ tán, kòkó ti ga dé orúnkún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó yá ilẹ̀ lè gbin ẹ̀fọ́, ó lè gbin àgbàdo, nítorí wọn kì í pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin igi, ọwọ́ tó gbìn ín ló ni ín, kò sì rọrùn láti lé ẹni tó ní igi kúrò nídìí igi rẹ̀. Orí ẹjọ́ ni bàbá Nímọ́tà darúgbó sí. Oko lọ, orógbó ńlá kan tó wà láàárín rẹ̀, tí Nímọ́tà máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní kékeré, sì bá oko lọ. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún un láyé ni ilé tó fi owó ìránṣọ kọ́ àti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó fẹ̀ tó ìdajì púlọ́ọ̀tì.

Ilé yìí ni Akínsànyà wá gba yàrá méjì sí. Ọmọ Oǹdó ni, kò tíì fẹ́yàwó, yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó kó dé tó fi wá dọ̀bálẹ̀ kí onílé rẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa dá oko díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀fọ́ nìkan," Nímọ́tà dá a lóhùn. "Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi lẹ́nu rẹ. Ulé mi rèé, òun nìkan ni mo ní."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ọdún kan kò tíì pé tí ẹ̀yìnkùlé náà fi yí padà. Kò ra ajílẹ̀ kankan. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé tí wọ́n gbá ló ń kó jọ sí igun kan títí wọn yóò fi jẹrà di dúdú, omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì ló sì ń bu sí ìdí ewúro. Ẹ̀bọ́lọ̀ àti òdú tó ń dá hù lẹ́bàá títì ló lọ gba èso wọn, ó ní àwọn ló mọ ilẹ̀ ibí, wọn kò ní fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Ó gbin ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sí ojú àgbàrá níbi tí omi ti ń ṣàn, ó fi gbúre sí abẹ́ òjìji, ó sì gbin efinrin sí ẹ̀bá fèrèsé. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ̀fọ́ tútù ń wà lẹ́nu ọ̀nà Nímọ́tà nínú abọ́. Nímọ́tà ń sè é, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọkùnrin yìí ń wá. Ta ló ń fún ènìyàn ní ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ lásán?

Ọdún kejì Akínsànyà nílé náà ń parí lọ nígbà tó rí àwọn ọ̀rá kan. Ọ̀rá dúdú méje, tí iyẹ̀pẹ̀ kún inú wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ igi kọ̀ọ̀kan sì ti yọrí nínú wọn. Ó tẹ̀ kọ̀kọ̀ wo ewé wọn. Mẹ́fà jẹ́ àgbálùmọ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ orógbó. Ó dìde dúró. Ojú kan náà tí bàbá rẹ̀ fi wo kòkó lábẹ́ ẹ̀gẹ́ ló fi wò wọ́n.

 Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Akínsànyà. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti rí i pé ní gbogbo Sátidé, Akínsànyà á bẹ̀rẹ̀, á gbé àwọn ọ̀rá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi réésà ṣe nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ wọn, á sì gbé wọn kalẹ̀. Tó bá ti jáde, Nímọ́tà á bọ́ síta pẹ̀lú téèpù rẹ̀, á wọn ìwọ̀n láti ara ògiri dé ọ̀rá àkọ́kọ́. Ínǹṣì mẹ́sàn-án. Sátidé kejì, mọ́kànlá. Sátidé kẹta, mẹ́tàlá.

"Ó ń rìn," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ó ń fi wọ́n gba ilẹ̀ mi ní ínǹṣì méjì méjì."

Nínú oṣù kejì ọdún, tí oòrùn ń jó bí iná, Nímọ́tà pinnu láti lọ sí Oǹdó lọ wádìí irú ènìyàn tí Akínsànyà jẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó dúró kí ọmọkùnrin náà lọ síbi iṣẹ́, ó wá gbé ọ̀rá méjèèje kúrò lórí ilẹ̀, ó tò wọ́n sórí kọnkéré ẹ̀yìnkùlé, kí ọmọkùnrin náà má baà ti ẹ̀yìn òun gbìn wọ́n. Ó ti géètì onírin tó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó fi àgádágodo sí i, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó sì wọ ọkọ̀.

Lóǹdó, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lòun bá wá. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan ni Akínsànyà ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé àwọn ẹbí ní kí òun wá wádìí. Kò sẹ́ni tí yóò fura sí ìyẹn. Gbogbo ẹni tó bi ní àdúgbò ló ń yin ọmọkùnrin náà, èyí sì tún dá kún ìfura rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn tí kò ní nǹkan tó fi pa mọ́. Ó sùn sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan, nígbà tó sì di òwúrọ̀ Sátidé, ó lọ bá ìyá Akínsànyà fúnra rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí àlejò jókòó. Èdè Oǹdó ló ń sọ, Nímọ́tà sì ní láti tẹ́tí dáadáa. Ó ní ọmọ òun kì í bínú, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù sí ohun ọ̀gbìn.

"Ẹ ò rí ti onílé rẹ̀ ní Àkúrẹ́," ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní obìnrin náà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi rárá. Ó ṣèèṣì sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ kan pé orógbó bàbá òun bá oko lọ. Ni ọmọ mi bá wá gba orógbó lọ́dọ̀ mi, ó rì í sínú ọ̀rá. Ó tó ọdún kan kó tó hù, ẹ mọ̀ pé ó máa ń pẹ́. Ti àgbálùmọ̀, kóró tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ jẹ kù ló ṣà."

"Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Nímọ́tà bi í.

"Kí ó fún obìnrin náà ni, tí òjò bá dé. Ó ní obìnrin náà ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n, òun ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀. Gbòǹgbò a máa yọ nídìí ọ̀rá, ó ń wá ilẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń fi réésà gé e, tó ń sún ọ̀rá síwájú díẹ̀, kó má baà wọ ilẹ̀ onílẹ̀." Ìyá náà wò ó. "Ṣé ẹ mọ obìnrin náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni Nímọ́tà dáhùn. Ojú tì í débi pé kò lè mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Ọkọ̀ tó gbé e padà sí Àkúrẹ́ ń falẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ méjì lórí kọnkéré, nínú oòrùn yẹn, láìsí omi, pẹ̀lú gbòǹgbò gígé. Ó mọ ohun tó ṣe.

Akínsànyà ló bá nídìí géètì, ó jókòó sílẹ̀. Ó so kọ́ọ̀bù mọ́ orí igi ọwọ̀ gígùn, ó ń fi í bu omi gba àárín irin wọlé sí àwọn ọ̀rá. Ọ̀rá kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ tó, èyí tó wà nítòsí géètì jù lọ. Orógbó ni. Ògiri ẹ̀yìnkùlé kò ga, ọmọdé lè fò ó. Kò fò ó. Àgbálùmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gbẹ kanrin, ewé wọn ti ká.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí, ó dìde.

Nímọ́tà ń ṣí àgádágodo. 

"Màmá mi pè mí lórí fóònù," Akínsànyà tún sọ, jẹ́ẹ́jẹ́. "Wọ́n ní ẹnìkan wá láti Àkúrẹ́, ó wá wádìí mi nítorí ìyàwó. Mo ní báwo ni ẹni náà ṣe rí. Wọ́n ní ó fi téèpù kọ́rùn."

Nímọ́tà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Téèpù náà wà níbẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ló sọ. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Akínsànyà gbé igi ọwọ̀ rẹ̀, ó wọlé lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni abọ́ ẹ̀fọ́ kò fi dé ẹnu ọ̀nà Nímọ́tà, Nímọ́tà kò sì bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin orógbó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní Sátidé, ó gbé ọ̀rá náà, ó rí gbòǹgbò funfun tín-ín-rín kan tó yọ nídìí rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ láìgé e.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Lọ́jọ́ kejì, Nímọ́tà gbẹ́ ihò sí àárín ẹ̀yìnkùlé, ó fi téèpù wọn ibẹ̀ kí ẹ̀ka igi má baà dé òrùlé lọ́jọ́ iwájú. Ó ya ọ̀rá náà. Akínsànyà dúró sórí kọnkéré, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò.

"Wá bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú," Nímọ́tà pè é.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé tí ọwọ́ mi bá wà níbẹ̀..."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. Mo ní kí o wá."

Akínsànyà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orógbó náà mú ṣánṣán nínú ihò. Nímọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ iyẹ̀pẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀, kò sì yọ ìka ọmọkùnrin náà sílẹ̀.