Ìyá Tó Jókòó Síwájú Mọ́tò Mi

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó tètè rẹ́rìn-ín tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Erio, ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ẹni tó bá ní èjì lọ́nà méjì jẹ́ márùn-ún ò lè kọjá lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí màámi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ìpotì ni màámi gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Epo pupa ni wọ́n ń tà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí a bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó, kẹ́ẹ̀gì epo á wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹnìkan bá gba ibi tí wọ́n ti sanwó fún, wọn ò ní bá a jà. "Jẹ́ kó jókòó, ó lè ti rẹ̀ ẹ́." Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Ó máa ń bí mi nínú. Mi ò rí i kí ìyá mi lé èèyàn dìde lórí ìjókòó rí láyé wọn.

Ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ tíṣà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí o bá ra mọ́tò tìrẹ, iwájú ni mo máa jókòó o. Ìyẹn, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ṣèlérí.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ ń lọ sílé ìwé, òrùlé ń jò, mọ́tò ò ṣeé rà. Nígbà tí mo fi máa rà á, màámi ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò lẹ́bàá títì ní Aramoko ni mo ti rà á. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú ni, ó mọ́ tónítóní. Mo bi í pé ta ló lò ó tẹ́lẹ̀.

"Mọ́mì, tòkunbọ̀ gidi ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì gùn ún ní Nàìjíríà."

Ó ń sọ ọ́, ó ń fi àkísà nu gíláàsì, kò wo ojú mi. Ó yẹ kí n ti fura. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tó bá wu èèyàn, èèyàn kì í rí àléébù rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ wa ní Ìjerò, níbi tí mò ń gbé, gbàdúrà sí i, wọ́n ta òróró sí i lórí, àwọn èèyàn bá mi dúpẹ́, kálukú lọ sílé. Nígbà tó ku èmi nìkan, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Mọ́tò yín ti dé." Omi ń bọ́ lójú mi. Mo dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de àgbàlagbà tó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé, kí n tó wá rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn sọ́kàn o.

Mo jókòó, mo ṣáná sí mọ́tò. Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún: tín, tín, tín. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi, àwòrán ẹni tó fi bẹ́líìtì gba àyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ò bá so bẹ́líìtì ló máa ń dún bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí báàgì, kò sí Bíbélì, ẹ̀yìn ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù ò bà mí. Inú mi dùn ni. Mo fa bẹ́líìtì, mo so ó mọ́ ìjókòó tó ṣófo náà. Ó dákẹ́.

"Ẹ ṣé, màámi," mo ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ìjókòó yẹn sọ̀rọ̀, láti Ìjerò dé Erio, láti Erio padà sí Ìjerò. Mo ròyìn àwọn ọmọ kíláàsì mi fún un. Mo ṣòfófó ọ̀gá wa. Mo sọ èyí tí mi ò lè sọ fún màámi lórí ibùsùn àìsàn, pé mo mọ̀ pé mo pẹ́, pé kí wọ́n dárí jì mí. Bí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi bá fẹ́ bá mi lọ, mo máa ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní mọ́tò ti ń gùn mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin màámi, ìgbà yẹn nìkan ni mo ń sùn dáadáa.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn kì í padé, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Sọ́ńdè, mekáníìkì mi. Ó tú u, ó wò ó. Ó wá fa bẹ́líìtì náà jáde títí dé òpin rẹ̀. Wọ́n ti fi òwú dúdú rán an pọ̀ níbẹ̀, bí ìgbà tí aránbàtà bá rán bàtà.

"Tíṣà," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé bẹ́líìtì yìí. Èèyàn ni wọ́n fẹ́ yọ. Ìjókòó yìí náà kọ́ ló bá mọ́tò yìí wá."

Mo ní kí ló wá ń dún. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú mọ́tò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó, ó pè mí kí n wá wò ó. Wáyà kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọn ò so ó mọ́ ohunkóhun.

"Kò yẹ kó dún rárá," Sọ́ńdè ní.

Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn ni mo ní kó tún ṣe, kó fi wáyà sílẹ̀. Ẹ má bú mi. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gba ìyá òun lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kejì?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n gbé màámi délé. Oòrùn ń ràn gan-an nígbà tí mo dé Ìpotì. Iwájú ilé wa gan-an ni mo páàkì sí, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn epo fáwọn oníbàárà. Mo tú bẹ́líìtì, mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ṣí ilẹ̀kùn.

"Màámi, a ti délé."

Ohùn kan dáhùn láti inú ìjókòó náà, nítòsí etí mi.

"Ulé kọ́ rè é."

Kì í ṣe ohùn ìbínú. Ohùn àgbà obìnrin tó ti rẹ̀ ni. Ulé ni gbogbo àwa ará Èkìtì ń pe ilé, torí náà mi ò lè fi mọ ìlú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ohùn màámi. Mo wo ìjókòó náà, tìmùtìmù rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí èèyàn bá wà lórí rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Kò padà sókè.

Àbúrò màámi tó ń gbé ilé náà báyìí ló wá fà mí wọlé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nígbà tí o ní kó wọlé, kí lo pè é?"

"Ìyá mi."

"O ò pe Àbẹ̀kẹ́? O ò ki ẹ̀gbọ́n mi?"

"Màmá, ta ló ń dárúkọ ìyá rẹ̀?"

Wọ́n bojú wo mọ́tò náà láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ mi, ìyá pọ̀ láyé. Èyí tó wà nítòsí ló dá ọ lóhùn."

Ìtùnú tí mo ti ń sùn lé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo àforíjì tí mo tọrọ, àlejò ni mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ.

Mo padà sí Aramoko lọ́jọ́ náà, bẹ́líìtì wà ní síso. Bí ọkùnrin tó ta mọ́tò fún mi ṣe rí ojú mi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n ló ti ní jàǹbá. Ọmọ ló ń wà á, ìyá rẹ̀ wà níwájú. Àwọn ọmọ padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti pè é. Wọ́n ti wọ́ mọ́tò kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn."

Àwa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, àwọn èèyàn rẹ̀ á lọ síbẹ̀, wọ́n á pè é lórúkọ, wọ́n á kì í, kó lè bá wọn relé. Ojú títì ni àwọn ọmọ yẹn dúró sí tí wọ́n ń ké pe ìyá wọn. Ìyá wọn wà nínú mọ́tò.

Mo bi í lórúkọ ìyá náà. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tà á fún òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Ó ní kí n gbé mọ́tò sílẹ̀, òun á bá mi wá ẹlòmíì tó máa rà á.

"Kí n tún lọ ta ìyá ọlọ́mọ?" Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, mo kúrò níbẹ̀.

Mo ti gùn ún lọ sí òkè Ẹ̀fọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ yín wá síbí." Mi ò mọ orúkọ wọn, mi ò mọ oríkì wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí? Bí mo bá ti ṣáná, ó tún di tín, tín, tín. Màá tún so bẹ́líìtì. Wọn ò fi ibi ṣe mí. Nígbà mìíràn, tó bá ku díẹ̀ ká wọ Erio, màá gbọ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín kú sórí òkè yẹn nínú mọ́tò aláwọ̀ eérú, ẹ wá, ẹ bá mi pè wọ́n lórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ má bèèrè ẹ́ńjìnnì nìkan, ẹ bèèrè ẹni tó jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn. Bí ibì kan bá sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni wọlé láìdárúkọ rẹ̀.

Ní tèmi, mo ti mọ bó ṣe yẹ kí n pe màámi báyìí. Àbẹ̀kẹ́ ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi láìmọye ìgbà. Àmọ́ mo mọ ìyá mi. Bí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá àgbà obìnrin mìíràn níwájú, wọ́n á ní jẹ́ kó jókòó, ó lè ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á sì lọ sẹ́yìn.

Mo ti kó ẹrù mi kúrò lẹ́yìn mọ́tò náà. Mi ò gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Mi ò sì tíì bojú wẹ̀yìn.