Àwọn Òṣìṣẹ́ Bàbá Àjàlá

Títí di òní, ọjọ́ tí Bàbá Àjàlá onítẹ̀wé gbé bàsíà wá sí ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣì ń sọ ní àdúgbò Ladi-Lak. Ó dé fìlà, ó wọ bàtà tó ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, ó gbé bàsíà náà ka orí tábìlì Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́, ó sì ṣí aṣọ tó fi bò ó. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ló wà nínú rẹ̀, ekòló tó lé lógójì sì ń yí kiri nínú iyẹ̀pẹ̀ náà.

Folúkẹ́ bi í pé, "Bàbá, kí lèyí?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé oògùn ti tán. Mo ti kó àwọn tó ń ṣe é wá."

Folúkẹ́ mọ̀ pé ẹnu òun ló fà á. Ṣáájú ọjọ́ náà, férémù irin kan já lu ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Bajulaiye, egbò náà sì kọ̀, kò jiná. Oògùn ọjọ́ méje ni wọ́n fún un. Tó bá ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta tí ìrora lọ, á kó ìyókù sínú àpò Bíbélì rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni egbò náà tún ṣí. Nígbà kẹta, dókítà ti ń sọ̀rọ̀ nípa gígé ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí gan-an sì ni Bàbá fi ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ayé àtijọ́.

Folúkẹ́ wá fara balẹ̀, ó ní, "Bàbá, kòkòrò inú ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe oògùn yìí. Iṣẹ́ wọn ni. Tí ẹ bá dá a dúró lágbede méjì, àwọn kòkòrò inú egbò yín á kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí rẹ̀."

Bàbá rò ó. Ṣebí apakòkòrò ni wọ́n ń pe oògùn náà. Kòkòrò á ṣe wá máa ṣe ohun tó ń pa kòkòrò? Folúkẹ́ ní ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá oúnjẹ, òmíràn á wá ṣe májèlé tí yóò fi lé àwọn yòókù.

Bàbá ní, "Ó yé mi. Bí àwa onítẹ̀wé Bajulaiye."

Ó lo oògùn náà pé ọjọ́ méje, nítorí kò lè fi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ṣòfò. Egbò jiná. Ó wá gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ekòló ló sì bá níbẹ̀.

Folúkẹ́ ṣàlàyé lórí bàsíà náà pé èyí tí òun ń wí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bàbá yọ awò tó fi ń wo lẹ́tà wínníwínní. Ó ní ogójì ọdún lòun fi to lẹ́tà òjé ìtẹ̀wé tó kẹ̀yìn sí òun, kí ló kù tí ojú òun ò ní rí? Ó wo iyẹ̀pẹ̀ náà títí àwọn tó wà lórí ìlà fi ń na ọrùn. Ó wá ní wọ́n ti lọ jẹun ọ̀sán.

Lẹ́yìn èyí, ó tẹ ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Bajulaiye dé Ìlàjẹ: Ẹ MÁ DA OMI GBÍGBÓNÁ SÍLẸ̀. ÀWỌN TÓ Ń ṢE OÒGÙN WÀ NÍBẸ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún láti kékeré mi orí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ bi í pé àwọn tí ilé wọn wà lórí omi ńkọ́? Bàbá ní kí wọ́n máa dà á sí ọ̀sà, pé ibẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹ̀ka tòun.

Láràárọ̀ ló ń kí ẹ̀yìnkùlé pé ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Rẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀, bi í láti ìdí ààrò pé ṣé òun ò ṣiṣẹ́ ni, tí kì í kí òun.

Bàbá ní, "Àwọn kì í fèsì."

Ọjọ́ ogbó ló pa á lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe egbò. Ó tẹ̀wé títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kú. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni Folúkẹ́ kọ́kọ́ wò. Méjèèjì pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tuntun kan, Ṣọlápé, se sísọ́ọ̀sì nínú ìkòkò tán kí kòkòrò ara rẹ̀ lè kú, ó fẹ́ da omi rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìwòsàn. Folúkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gba ìkòkò náà.

"Jẹ́ kó tutù ná."

"Kí ló dé, Mà?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ Bàbá Àjàlá wà níbẹ̀."

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín. Folúkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá ìkòkò náà padà fún un. Ó dúró tì í títí omi náà fi tutù, ó wá rọra dà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kí wọn kú iṣẹ́.