Irinwó Ẹnu Lórí Ọṣẹ Pupa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá ti fi ń po ọṣẹ pupa nílé-iṣẹ́ kan náà, débi pé àwọ̀ ọṣẹ náà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó. Iṣẹ́ yìí ló fi rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Nígbà tó gbọ́ pé ìwádìí ọjà lọmọ fẹ́ kọ́, pé wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí oníbàárà ń rà àti ìdí tó fi ń rà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn náà tún di ohun tí wọ́n ń kọ́ níléèwé?"

Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, "Ọ̀jọ̀gbọ́n" ló ń pè é.

Ọdún tó kẹ́yìn dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá ilé-iṣẹ́ tó máa bá ṣe ìwádìí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà títà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọmọ mi nìyí. Ẹ jẹ́ kó bá yín wádìí ọṣẹ wa."

Ọ̀gá gbà. Ta ni í kọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Oṣù méjì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn kiri pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Àwọn kan tú ajá sí i. Ìyá kan bi í bóyá ó ti ní àfẹ́sọ́nà, torí ọmọkùnrin òun wà nílé. Ó fún ìyá tirẹ̀ náà ní ìwé kan. Nígbà tí wọ́n kan ìbéèrè nípa ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ, ìyá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

"Lúbúlúbú inú ọ̀rá ni."

"Ìyá! Ti Bàbá ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọmọ mi. Mi ò lè jókòó ti ọṣẹ tí mo máa fi ọwọ́ bó láti àárọ̀ dọ̀sán. Jọ̀ọ́, má sọ fún un."

Irinwó èèyàn ló dáhùn. Ó kó ìdáhùn wọn sínú kọ̀ǹpútà. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, mẹ́fà péré ló ń ra ọṣẹ pupa. Ó tò ó ní àdúgbò-àdúgbò, ó tò ó bí ìdílé ṣe pọ̀ tó, ibi kan náà ló ń já sí. Iṣẹ́ Bàbá ló wà nínú ewu yìí. Ó lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó gba ìdáhùn ogún èèyàn tó ṣì fẹ́ràn ọṣẹ pupa kún un.

Olùkọ́ rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ogún arúgbó nínú ilé kan ṣoṣo? Ta lò ń gbìyànjú láti gbà là?"

"Bàbá mi ni, mà."

Olùkọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹ yé mi. Ṣùgbọ́n tó o bá tiẹ̀ parọ́ síbí, ìyẹn ò ní mú kí wọ́n ra ọṣẹ."

Ó yọ ogún náà kúrò. Ó fẹ́ kí ìwé ìwádìí náà má dé ilé-iṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun á fún wọn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tó lè ṣe ló ṣe: ó kọ ojú ewé méjì sẹ́yìn pé kí wọ́n sọ ọṣẹ náà di olómi, kí wọ́n má lé òṣìṣẹ́ kankan.

Ọ̀gá ka ojú ewé àkọ́kọ́. "O káre! Ó ti pẹ́ tá a ti ń fura, ẹ̀rí la ò ní."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ewé méjì tó gbẹ̀yìn—"

"Màá wò ó."

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá wọlé ní aago méjì ọ̀sán pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjìdínlógún ni wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá sì wà lára wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ka ìwé kan sí wa létí. Ṣé tìẹ ni?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá."

"Ṣé o bi wọ́n dáadáa?"

"Mo bi wọ́n dáadáa."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Bàbá ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fóun bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níléèwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bàbá ń tẹ́tí sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba máàkì tó ga jù lọ nínú kíláàsì. Kó tó pé oṣù kan, ilé-iṣẹ́ náà ní kó wá máa bá àwọn ṣe ìwádìí. Ó fẹ́ kọ̀ ọ́. Ta ló máa wá bọ́ ilé? Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, Bàbá tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀, ó sì ń júwe fún un.

"Má gba géètì ńlá o, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́yìn ló yá."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ọkọ̀ dé, ó wọ̀ ọ́. Kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.